Ohùn Ẹ̀gbá nínú àwo: bí orin Yorùbá ṣe wọ rẹ́kọ́ọ̀dù

Bí wọ́n bá ń pìtàn àwo orin Yorùbá, jùjú Èkó ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, n kò ní gbà. Ní 1922, nígbà tí Túndé King, olórin jùjú Èkó, kò tíì sí lórí àwo kankan, Josiah Ransome-Kuti, àlùfáà ọmọ Ìgbẹ̀ìn l'Abẹ́òkúta, ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọrin sínú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ àwo Zonophone.

Iṣẹ́ ńlá ni lákòókò yẹn. Kò tíì sí makirofóònù nídìí iṣẹ́ àwo. 1925 ni ti oníná dé. Ìwo gbàǹgbà kan ni akọrin máa ń dojú kọ. Ohùn rẹ̀ ni yóò mi awọ fẹ́lẹ́ tó wà nídìí ìwo náà, tí abẹ́rẹ́ yóò fi máa fa ìlà sára ìda. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá lọ sókè, ariwo ẹ̀rọ ni yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tó gbé Ransome-Kuti yọ nìyẹn, lójú tèmi. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi orin ìbílẹ̀ wàásù káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níta gbangba. Irú ọ̀fun bẹ́ẹ̀ kò nílò iná mànàmáná. Ó sì jọ pé àwọn oníṣòwò àwo ti fojú sùn ún pé àwọn onígbàgbọ́ tó ti ní gíramafóònù nílé yóò sáré ra orin ìjọ tó bá jẹ́ ti èdè wọn.

Ẹ sì wò ó o, bàbá rẹ̀, Likoye Kuti, kò fẹ́ràn ẹ̀sìn Kristẹni rárá. Ìyá ló fọmọ fún ìjọ. Ká ní ti bàbá ló ṣẹ ńkọ́?

Oje kòkòrò kan tí wọ́n ń kó ní Íńdíà ni wọ́n fi ń ṣe àwo ìgbà náà. Ó wúwo, bó bá sì jábọ́, ó fọ́ nìyẹn. Ìgbà 78 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ojú kan kì í sì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bó bá ti ká ojú kan tán, wọ́n á yọ abẹ́rẹ́ irin dànù, wọ́n á ki òmíràn bọ̀ ọ́. Orin ìjọ rọra wọ inú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Oríkì ńkọ́? Ta ni yóò ki ọba kan tán kí abẹ́rẹ́ tó dé àárín?

Ti Túndé King pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ àwo Parlophone, nǹkan bí 1936 ni. Orin dídùn ni, ṣùgbọ́n àbúrò ni.

Ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo gígùn jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú kan. Obey àti Sunny Ade wá ráyè ki olówó lọ́kọ̀ọ̀kan. Fẹlá, ọmọ-ọmọ Ransome-Kuti, a máa fi orin kan ṣoṣo kún odindi ojú àwo. Ìyókù, ojú wa ló ṣe: kásẹ́ẹ̀tì Philips ní 1963, tí ẹni tó bá ní ẹ̀rọ méjì fi di ẹni tó ń da orin olórin kọ, CD ní 1982, lẹ́yìn náà MP3, tí fóònù fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn.