Ojú ń tì í lánàá, ó gun ọkọ̀ ogun lónìí: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí obìnrin inú fídíò K-pop

Kí ló dé tí ọmọbìnrin kan náà fi máa ń jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́ nínú fídíò kan, tí yóò sì di akọni nínú èyí tó tẹ̀ lé e?

Torí pé ilé iṣẹ́ orin ti yan irú obìnrin tó máa jẹ́ kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà rárá. Nínú K-pop, ìyẹn orin ìgbàlódé Gúúsù Kòríà, orin tuntun kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí wọ́n ń pè ní concept: aṣọ, àwọ̀ irun, ijó, ìtàn, títí dé bí wọn yóò ṣe máa wojú ènìyàn. Ó dà bí aṣọ ẹbí: olóde ló yan àwọ̀, àwọn tó wọ̀ ọ́ ló ń jáde nínú fọ́tò. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù. Cheongsun ni ọmọbìnrin tó mọ́ tónítóní, tó ń tijú, tí kò tíì mọ ayé. Sexy ni èyí tí ara ti ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Girl crush ni obìnrin tó le, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n máa ń tò wọ́n tẹ̀léra. Àdéhùn àpẹẹrẹ tí àjọ ìjọba tó ń bójú tó òwò níbẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2009 fi ọdún 7 ṣe òpin àdéhùn olórin. Láàárín ọdún 7 yẹn, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú nígbà tí àwọn ọmọ náà ṣì kéré, tí wọ́n á sì yí padà bí wọ́n bá ti dàgbà.

Báwo ni ìtìjú yẹn ṣe ń hàn gan-an?

Ẹ wo “Gee” tí ẹgbẹ́ Girls’ Generation gbé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́sàn-án náà dúró gbagidi: ère tí wọ́n ń wọ aṣọ sí ni wọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Minho ti ẹgbẹ́ SHINee, parí iṣẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tó lọ tán ni wọ́n tó jí, tí wọ́n wá ń kọrin pé ìfẹ́ ti kó sí àwọn lórí, ojú ń ti àwọn, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin tí ère wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ fún kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwa òǹwòran la bọ́ sí ipò rẹ̀, àwa ni wọ́n ń ṣẹ́jú sí. Gbogbo ara ló sì ń bá ìtìjú náà ṣiṣẹ́: ijó ẹsẹ̀ alákàn tó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ tí kì í jìnnà sí ojú, jíǹsì aláwọ̀ mèremère tó mọ́ra pinpin, tí àwọn ọ̀dọ́ Kòríà sáré ń rà nígbà náà. Orin yẹn wà ní ipò kìn-ín-ní lórí Music Bank, ètò orin iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n KBS, fún ọ̀sẹ̀ 9 léraléra. Nígbà tí owó ti gba ibẹ̀ wọlé, àwọn yòókù tẹ̀ lé ọ̀nà náà.

Aegyo ni wọ́n ń pe ìṣe bẹ́ẹ̀: kí ẹni tó ti dàgbà máa fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó máa fi ohùn ọmọdé sọ̀rọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ti tó láti gbé orin ga. Nínú “Cheer Up” ti ẹgbẹ́ TWICE ní 2016, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí Sana, ọ̀kan nínú wọn, fi kọrin pé ojú ń ti òun, tó gbé ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì sún mọ́ ojú, ni gbogbo Kòríà ń sín jẹ.

Ṣé girl crush ti wá já wọn gbà nìyẹn?

Díẹ̀ ni. Ìwojú ló kọ́kọ́ yí padà. Nínú “I Am the Best” ti ẹgbẹ́ 2NE1 ní 2011, aṣọ awọ àti irin ṣóńṣó ló kún ibẹ̀, wọ́n sì kọjú sí kámẹ́rà láìṣẹ́jú. Nínú “DDU-DU DDU-DU” ní 2018, Jennie ti ẹgbẹ́ BLACKPINK jókòó lórí ọkọ̀ ogun tó ń dán yanranyanran. Kò sí ọkùnrin tí wọ́n ń dúró dè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ṣì tín-ín-rín bákan náà, gìgísẹ̀ bàtà ṣì ga, àtíkè ò dín. Òwò sì wà nídìí rẹ̀: ọmọbìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ra àwo orin, àwọn náà sì fẹ́ rí ẹni tí wọ́n lè fẹ́ jọ.

Ẹgbẹ́ AOA ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ fún ẹni tó bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ kedere. Nínú “Miniskirt” ní 2014, zíìpù ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fà nínú ijó. Ní 2019, lórí Queendom, ètò ìdíje orin ti tẹlifíṣọ̀n Mnet, àwọn kan náà wọ kóòtù àti ṣòkòtò dúdú. Jimin, ọ̀kan nínú wọn, sọ pé òun kì í ṣe òdòdó tó máa rẹ̀ dànù, igi ni òun. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin tó kun ojú, tó wọ bàtà gogoro, jáde wá jó. Orí ìtàgé ni, kì í ṣe fídíò orin, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìṣe tí wọ́n ń pè ní ti obìnrin kò lẹ̀ mọ́ ara obìnrin.

Ta ló ń sọ pé ohun tí fídíò ń fi hàn ti pọ̀ jù?

Àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti ìjọba. Ní 2011, àjọ tó ń ṣọ́ ètò orí afẹ́fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu ijó “Bubble Pop!” ti olórin obìnrin HyunA, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì dá ìpolówó orin náà dúró. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni òfin ti ní kí wọ́n yẹ fídíò orin wò, kí wọ́n fi ọjọ́ orí sí i, kó tó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí òfin ò rí, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń rí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nínú “Lovesick Girls” ti BLACKPINK, Jennie wọ aṣọ nọ́ọ̀sì tó fún mọ́ra, pẹ̀lú fìlà funfun àti bàtà pupa gíga. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera Kòríà fárí gá: kò sí nọ́ọ̀sì tó ń wọ bẹ́ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, àwòrán yẹn sì ń dá kún bí àwọn kan ṣe ń fi ìwọ̀sí lọ nọ́ọ̀sì. YG, ilé iṣẹ́ BLACKPINK, gé e kúrò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo gbà pé wọ́n ṣe ohun tó tọ́.

Ṣé àwọn olórin fúnra wọn lè sọ̀rọ̀?

Bí orin bá ti ọwọ́ wọn jáde, bẹ́ẹ̀ ni. Soyeon, olórí ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ (G)I-DLE nígbà náà, wà lára àwọn tó kọ “Nxde” (bí “nude”, ìhòòhò, ni wọ́n ṣe ń pè é) ní 2022. Wọ́n mú irun Marilyn Monroe àti àkọlé tó máa ń fa ojú ìwọra, wọ́n sì yí i padà: bí wọ́n ṣe bí mi nìyí, ìwọ tó ń ro ìròkurò ni oníṣekúṣe. Soyeon ní òun fẹ́ kí ẹni tó bá fi ìròkurò wá ọ̀rọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá orin pàdé.

Báwo ni mo ṣe lè fi ojú ara mi mọ èyí tí mò ń wò?

Ẹ pa ohùn fídíò fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo ibi tí kámẹ́rà dúró: ṣé òkè ló ti ń wo ọmọbìnrin náà, àbí ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń wo ọba? Ẹ ka iye ìgbà tí itan tàbí ìbàdí hàn láìsí ojú. Ẹ wo ọwọ́: ṣé ara rẹ̀ ló ń fi kàn ni, àbí ó di nǹkan mú, ó ń ṣe nǹkan? Lẹ́yìn náà, ẹ wá fídíò ìdánrawò ijó orin náà, èyí tí ilé iṣẹ́ sábà máa ń gbé jáde, tí wọ́n ti wọ aṣọ ìdárayá, tí kámẹ́rà dúró sójú kan. Ijó kan náà ni. Bí ohun tó ń jọ yín lójú nínú fídíò àkọ́kọ́ kò bá sí níbí, kámẹ́rà àti aránṣọ ló ṣe é, kì í ṣe ọmọbìnrin náà.