Ọ̀wọ́ngógó Já Wálẹ̀, Kí Ló Dé Tí Ọjà Ò Gbọ́?

Bí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, bá ti gbé iye ọ̀wọ́ngógó jáde báyìí, mo ti mọ ohun tí wọn yóò bi mí kí n tó jókòó síbi iṣẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ọjà ti wálẹ̀. Kí ló dé tí àwọn ará ọjà Òkè-Ajé ò gbọ́?” Torí pé iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe nílùú Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n gbà pé èmi ló yẹ kí n lọ bá àwọn ìyá ọlọ́jà wí. Ó ti sú mi.

Pé ọjà ò wálẹ̀ kò nílò ẹ̀rí. Ẹni tó bá ná ọjà lánàá ti mọ̀. Ibi tí òye ti ń ṣìnà ni pé iye tí NBS ń kéde kì í ṣe owó ọjà rárá. Bí owó ọjà ṣe gòkè tó láti irú oṣù yìí lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ń wọ̀n. Bí iye náà bá dín kù, gígòkè ọjà ló rọlẹ̀ díẹ̀, ọjà ṣì ń gòkè.

Ẹ jẹ́ ká fi náírà ṣe é, torí Ìjẹ̀bú kì í gbọ́ àlàyé tí kò lówó nínú. Ká ní ọjà kan jẹ́ ₦1,000. Ọ̀wọ́ngógó 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí wọ́n kéde fún Oṣù Kejìlá 2024, yóò sọ ọ́ di ₦1,348. ₦348 ló gun orí rẹ̀. Ká ní lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀wọ́ngógó já wálẹ̀ sí 24.48. Inú gbogbo wa dùn, àbí? Ṣùgbọ́n orí ₦1,348 la ó ti ṣírò rẹ̀, kì í ṣe orí ₦1,000 mọ́. ₦330 ni. Ohun tó lé ní mẹ́wàá kúrò nínú iye tí wọ́n kà nínú ìròyìn, ₦18 péré ló kúrò nínú ohun tí wọ́n fi kún owó ọjà. Ta ló fẹ́ rí ₦18 lọ́jà?

Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú 24.48 yẹn ni. Òun ni wọ́n kéde fún Oṣù Kìíní 2025, oṣù kan péré lẹ́yìn 34.80. Ṣé ẹ rántí ohun tó di pọ̀ǹtọ̀ lóṣù yẹn? Èmi náà ò rántí. NBS ló pààrọ̀ òṣùwọ̀n. Ọdún 2009 ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò owó ọjà tẹ́lẹ̀, wọ́n wá gbé e sí 2024, wọ́n sì tún ìwọ̀n àwọn ohun tí à ń rà pín: oúnjẹ, tó kó ju ìdajì ìṣirò náà lọ tẹ́lẹ̀, di nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí màgòmágó níbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa tún un ṣe látìgbàdégbà, tiwa tilẹ̀ ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi òṣùwọ̀n kan wọn aṣọ lánàá, tó fi òmíràn wọ̀n ọ́n lónìí, kò lè ní aṣọ náà ti súnkì. Ìṣirò mi lókè, àpẹẹrẹ lásán ni nígbà náà. Òṣùwọ̀n méjì ni mo pò pọ̀, bí àwọn oníròyìn ṣe pò ó. Báńkì Àpapọ̀ alára rí 24.48 yẹn ní Oṣù Kejì, kò sì torí ẹ̀ dín èlé rẹ̀ kù, ó fi í sílẹ̀ sórí 27.50 nínú ọgọ́rùn-ún tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó mọ ìdí ìṣirò ò jó, àwa là ń lùlù.

Ẹ̀rọ wá dá kún un. Nígbà tó jẹ́ ìwé ìròyìn la máa ń kà, ó kéré tán, ìpínrọ̀ kẹta á sọ pé wọ́n ti yí ọdún ìpìlẹ̀ padà. Ní báyìí, fóònù á dún láàárọ̀, AI, ẹ̀rọ tó ń kọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, á ti gé gbogbo rẹ̀ sí ìlà kan. Ìlà náà ò purọ́. Ibi tó yẹ ká kà ló gé dànù. Akápò ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tilẹ̀ fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí aláṣọ, pé kó dín owó aṣọ ọdún Ojúde Ọba kù. Àwòrán ẹ̀rín ni aláṣọ fi dá a lóhùn.

Mi ò sọ pé ọjà kì í wálẹ̀ o. Lọ́dún 2025, owó àwọn oúnjẹ kan já lóòótọ́. Mi ò sì ní gbogbo ọlọ́jà ni olóòótọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí dọ́là bá gòkè nìkan ni wọ́n ń gbọ́ ìròyìn. Àmọ́ iye NBS kọ́ ló ń fa oúnjẹ wálẹ̀. Oúnjẹ ló ń wálẹ̀, tó ń fa iye náà. Bóyá ìyàtọ̀ yẹn ò tó nǹkan lójú ẹni tí ebi ń pa.

Ẹni tó fẹ́ fi owó pamọ́ ni mo fẹ́ kó ṣọ́ra. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbé owó fún òun ní èlé 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún torí ọ̀wọ́ngógó ti “ń lọ”, tí iye NBS sì ṣì ju 15 lọ, owó yín ń joro nìyẹn. Owó àjọ tí ẹ dá láti Oṣù Kìíní, tí ẹ kó ní Oṣù Kejìlá, kò jọ pé yóò ra iye kóńgò tí ì bá rà ní Oṣù Kìíní. Mi ò ní kí ẹ má dá àjọ o, èmi náà ń dá a.