Gọ́ọ̀mù ò lè gba tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti ba ẹ́ńjìnnì èèyàn jẹ́ jù, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta. Tí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò bá ti jó, tí wọ́n sì fẹ́ fi tuntun sí i, ẹ óò rí mẹkáníìkì tó máa bó tíùbù gọ́ọ̀mù sílíkọ̀nù, á fi kun gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun náà lójú méjèèjì bí ẹni ń kun ògiri, á ní kó lè di dáadáa ni, pé kò ní jò mọ́ láé. Ẹni tó ni mọ́tò á sì máa dúpẹ́, á ní ọkùnrin yìí mà mọṣẹ́ o. Èmi náà ti dúpẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Irọ́ ni o. Gọ́ọ̀mù kì í mú tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lágbára sí i, lọ́pọ̀ ìgbà ṣe ló máa ń bà á jẹ́.

Ẹ wo iṣẹ́ tí gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn ń ṣe ná. Àárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù sìlíńdà ló wà, nǹkan mẹ́ta ló sì ń yà sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná tó ń bú nínú sìlíńdà, omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, àti ọ́ìlì tó ń gòkè lọ síbi kámúṣáàfù, ọ̀pá tó ń yí lókè tó ń ṣí fáàfù. Afẹ́fẹ́ tí a ń fọ́n sínú táyà mọ́tò kékeré ò ju bíi psi 32 sí 35 lọ. Nínú sìlíńdà ńkọ́? Nígbà tí pẹtiróòlù bá gbiná tí ẹ́ńjìnnì sì ń fa ẹrù, ó lè kọjá psi 700, ti dísẹ́ẹ̀lì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń yí 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan á bú nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Gọ́ọ̀mù tí èèyàn lè fi èékánná ha kúrò, ṣé òun ló máa wá dá irú agbára yẹn dúró? Bọ́ọ̀tì ló ń dá a dúró. Bọ́ọ̀tì ló ń fa tọ́ọ̀pù sìlíńdà mọ́ búlọ́ọ̀kù, tó ń fún gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́ àárín wọn, tí ojú irin méjèèjì bá sì tẹ́jú, tó mọ́, tí bọ́ọ̀tì sì fún un bó ṣe yẹ, kò sí ààyè tí nǹkan kan máa gbà jò.

Mi ò sọ pé àwọn tó gba ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù gbọ́ ya òmùgọ̀ o. Ó níbi tó ti wá. Gásíkẹ́ẹ̀tì ayé àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni, òun gan-an wọ́n máa ń fi nǹkan kùn ún kí wọ́n tó dè é, ọ̀gá ló sì kọ́ ọmọṣẹ́, ọmọṣẹ́ náà di ọ̀gá, ó kọ́ tiẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, gọ́ọ̀mù ń ṣiṣẹ́ gidi lábẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi àwo ọ́ìlì, torí níbẹ̀ ọ́ìlì kàn ń fẹ́ yọ́ jáde ni, kò sí nǹkan tó ń bú. Èèyàn á wá rò pé ohun tó dí ìsàlẹ̀ á dí òkè.

Àmọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò léra wọn, mẹ́ta sí márùn-ún, MLS ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ rá yíká ihò sìlíńdà ẹ óò rí i pé ó ga díẹ̀ bí ojú ìlà, ibi tó ga yẹn ń ṣe bíi sípíríǹgì, tí tọ́ọ̀pù sìlíńdà bá gbéra díẹ̀ nígbà tí iná bú, òun náà á gbéra tẹ̀lé e, tó bá padà, á padà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ti fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú ẹ̀ látilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá da gọ́ọ̀mù lé e, ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe é ti yẹ̀ nìyẹn, ibì kan á nípọn, ibì kan ò ní nípọn, gọ́ọ̀mù ọ̀hún á sì máa yọ̀ lábẹ́ ẹ̀.

Èyí tó tún burú jù, tí wọ́n bá ti ń de bọ́ọ̀tì, gọ́ọ̀mù á máa sá jáde ni, ibo ló máa sá lọ? Inú ihò ni, ihò omi àti ihò ọ́ìlì. Ihò ọ́ìlì tó ń lọ sókè kì í tóbi, gọ́ọ̀mù díẹ̀ ti tó láti dí i, kámúṣáàfù á wá máa yí láìrí ọ́ìlì títí á fi ha ara ẹ̀. Àwọn ihò omi míì lára gásíkẹ́ẹ̀tì náà kéré ju ti búlọ́ọ̀kù lọ, àwọn kan tiẹ̀ máa ń ní gásíkẹ́ẹ̀tì ayédèrú ni, wọ́n á mú nǹkan lu ihò ẹ̀ kó fẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú o! Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kéré ni kí omi lè rìn dé ìpẹ̀kun ẹ́ńjìnnì kó tó gòkè, tẹ́ ẹ bá fẹ ihò iwájú, sìlíńdà tó wà lẹ́yìn ò ní rí omi tó.

Mọ́tò témi, oṣù méjì ló lò lẹ́yìn tí wọ́n kùn ún ní gọ́ọ̀mù, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, omi ń lọ nínú rédíétọ̀ tí n ò rí i nílẹ̀, èéfín funfun ń jáde. Ẹlòmíì ló tú u nígbà kejì. Gọ́ọ̀mù wà nínú ihò omi bí ekòló, gásíkẹ́ẹ̀tì sì ti dúdú láàárín sìlíńdà kejì àti ìkẹta níbi tí iná ti ń gbà kọjá. Ọkùnrin náà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó nu ojú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ó gbé rúlà irin tó gún régé lé e, ó wá mú fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, èyí tó jẹ́ mìlímítà 0.15, ó kì í bọ abẹ́ rúlà, ó wọlé wọ́ọ́rọ́. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà ti tẹ̀. Ó ti tẹ̀ látìgbà tí mọ́tò ti kọ́kọ́ gbóná, ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ọ́n. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ohun tí a ṣe gan-an nìyẹn.

Kí ló ń jẹ́ kó tẹ̀? Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀pù sìlíńdà jẹ́ alumíníọ̀mù, búlọ́ọ̀kù tó jókòó lé lè jẹ́ irin, bí iná bá sì ti ká wọn mọ́, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin. Bọ́ọ̀tì ti dè é mọ́lẹ̀, kò ríbi fẹ̀ sí, tí ooru bá kọjá bó ṣe yẹ ó di dandan kó tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́tò kékeré ló jẹ́ pé ìwé àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kọ ò fẹ́ kó tẹ̀ ju mìlímítà 0.05 lọ, àwọn kan gbà tó 0.10, ìwé àtúnṣe mọ́tò yín ni kẹ́ ẹ wò. Mìlímítà 0.05 ò ju nínípọn irun orí lọ o, ojú lásán ò lè rí i, ẹni tó bá wò ó tó ní "ó tẹ́jú" láìgbé rúlà lé e, ó ń méfò ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ní gígùn, ní ìbú, àti láti igun dé igun, kí wọ́n sì wọn ojú búlọ́ọ̀kù náà. Tó bá ti tẹ̀, ẹ̀rọ ló máa fá a kó tẹ́jú, ìwé á sì sọ ibi tí fífá ọ̀hún gbọ́dọ̀ mọ.

Tí wọ́n bá sì ń nu ojú irin, kí wọ́n má fi àwo yanrìn tó ń yí lẹ́nu dírílì ṣe é. Ilé iṣẹ́ mọ́tò General Motors ti kìlọ̀ fáwọn ṣọ́ọ̀bù wọn nípa ẹ̀, torí eruku tó ń jábọ́ lára ẹ̀ ń bá ọ́ìlì lọ jẹ bẹ́ríǹnì kíráńkì, ó sì máa ń gbẹ́ ojú irin tí MLS fẹ́ kó dán dáadáa.

Lórí yíyan, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì bá wá ni kẹ́ ẹ rà. Ti dísẹ́ẹ̀lì tún le díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ní nínípọn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí àwọn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì TDI ti Volkswagen, ihò kékeré kan, méjì tàbí mẹ́ta tó wà létí gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń sọ bó ṣe nípọn tó, wọ́n ń wo bí písítìnì ṣe yọ sókè ju búlọ́ọ̀kù lọ ni kí wọ́n tó mú un. Ẹ tún wo ojú tó máa kọ sókè, wọ́n lè kọ TOP sí i, tàbí OBEN tó bá jẹ́ ti Jámánì, òkè náà ni ìtumọ̀ ẹ̀.

Ìgbàgbọ́ òdì kejì ni pé téèyàn bá ti fi gbogbo agbára de bọ́ọ̀tì, ó parí. Bíi ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ẹ fi yí bọ́ọ̀tì ló ń di fífà, ìyókù wà fún bó ṣe ń ha ara ẹ̀ lọ́rùn àti nínú òwú, ìyẹn ìlà tó yí ara ẹ̀ ká, bọ́ọ̀tì tó dọ̀tí á wá le lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ rò pé ó ti dè. Tọ́ọ̀kì reńṣì, èyí tó ń wọn agbára tí wọ́n fi ń yí bọ́ọ̀tì, ni kí wọ́n fi dè é, láti àárín jáde síta, díẹ̀díẹ̀, bí ìwé ṣe tò ó. Àwọn bọ́ọ̀tì kan wà tó máa ń nà bí wọ́n ṣe ń dè é, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó, tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Kí ihò bọ́ọ̀tì sì gbẹ, torí ọ́ìlì tó bá dúró nísàlẹ̀ ẹ̀ ò ṣe é fún pọ̀, ó lè la búlọ́ọ̀kù.

Ibi tí gọ́ọ̀mù ti wúlò ò pọ̀. Ẹ́ńjìnnì kan wà tí ìwé wọn ní kẹ́ ẹ kán an díẹ̀ síbi tí ìdérí ṣéènì tàìmíǹgì ti pàdé búlọ́ọ̀kù, àwọn míì ní bọ́ọ̀tì tó wọnú omi, bíi ẹ́ńjìnnì small block ti Chevrolet, wọ́n ń fi nǹkan kun òwú bọ́ọ̀tì yẹn kí omi má bàa gba ibẹ̀ gòkè. Ìwọ̀nba tí ìwé bá sọ náà ni. Tẹ́ ẹ bá wá rí i tí mẹkáníìkì ti ń bó tíùbù gọ́ọ̀mù, tí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ti wà lọ́wọ́ kejì, ẹ kọ́kọ́ bi í pé mélòó ni rúlà sọ.