Ìbọ́wọ́mu ni, kì í ṣe ìrọ̀rùn ìlò: àlàyé lórí irinṣẹ́ alábòójútó dátábéèsì

Bí irinṣẹ́ ṣe bá ẹni tó ń lò ó mu, usability ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Orúkọ mẹ́rin ni mo ti rí tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa kọ̀ǹpútà ní Yorùbá fún un, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ kí ẹni tó kà á mọ ohun tí wọ́n ń sọ gan-an.

Àkọ́kọ́ ni "yùsábílítì". Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ àyálò. Kọ̀ǹpútà, sáfà, dátábéèsì, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n, nǹkan tí a lè nàka sí ni wọ́n. Ṣùgbọ́n yùsábílítì kì í ṣe nǹkan, ìwà ni. Ìwà tí irinṣẹ́ ń hù sí ẹni tó dì í mú ni. Bí a bá yá orúkọ ìwà láìtúmọ̀ rẹ̀, ariwo lásán la yá.

Ìkejì ni "ìwúlò". Èyí ṣi ni lọ́nà ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó dà bí ọ̀rọ̀ tó péye. Ohun tó wúlò ni ohun tó lè ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́. Irinṣẹ́ tó ń dá ẹ̀dà ìpamọ́ padà wúlò, kódà bí àṣẹ rẹ̀ bá ní ogójì ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ṣì í kọ. Ìkẹta, "àṣeélò", kò sọ ju pé ó ṣeé lò lọ. Ọ̀bẹ tí kò ní èèkù náà ṣeé lò.

Ìkẹrin ni mo fẹ́ bá jà dáadáa, torí òun làwọn ọ̀mọ̀wé fẹ́ràn jù: "ìrọ̀rùn ìlò". Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí iṣẹ́ wa, àbójútó dátábéèsì, ká wò ó. Ṣé ó yẹ kí DROP DATABASE, àṣẹ tó ń pa odindi dátábéèsì rẹ́, rọrùn? Ṣé ó yẹ kí bọ́tìnì tó ń pa tábìlì rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì tó ń ṣí i, kí èèyàn kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó sì parí? Ó rọrùn lóòótọ́. Irinṣẹ́ burúkú ni. Nínú iṣẹ́ dátábéèsì, ó níbi tó yẹ kí nǹkan le, a sì ní láti ní ọ̀rọ̀ tó gba ìyẹn mọ́ra.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní ìbọ́wọ́mu. Ohun tó bá ojú mu la ń pè ní ohun tó bójú mu, ohun tó bá ara mu ló fún wa ní ìbáramu. Ohun tó bá ọwọ́ mu, ó bọ́wọ́ mu nìyẹn. Kò sí àrà kankan níbẹ̀, ọ̀nà tí èdè ti là sílẹ̀ ni mo tọ̀. Àwọn kan ń sọ pé ojú àti ọpọlọ là ń fi ṣe iṣẹ́ dátábéèsì, pé kí ni ti ọwọ́ níbẹ̀. Wọn ò fetí sí èdè wọn. Ẹni tó jókòó tó ń ronú, a ní ọwọ́ rẹ̀ dí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, a ní iṣẹ́ ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí a pàdánù, ó bọ́ lọ́wọ́ wa ni. Ọwọ́ ni Yorùbá fi ń pe gbogbo agbára tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí sì ní àǹfààní kan tí àwọn mẹ́rin yẹn kò ní: kíá ló máa mú èèyàn béèrè pé ọwọ́ ta ni? Ohun tí ISO 9241-11 sọ gan-an nìyẹn, ìlànà àgbáyé tó jáde ní 1998 tí wọ́n tún ṣe ní 2018. Ó ní a kò lè wọn ìwà yìí láìsọ ẹni tó ń lo irinṣẹ́, iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe, àti ipò tó ti ń ṣe é. Ohun mẹ́ta ló ní ká wọ̀n: ṣé iṣẹ́ náà parí bó ṣe yẹ, kí ló ná a ní àkókò àti agbára, ṣé ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ wo àdá méjì. Irin kan náà, alágbẹ̀dẹ kan náà, ẹnu wọn mú bákan náà. Èèkù ọ̀kan rí rodo, ó ń dán, ó rọrùn láti dì mú. Èèkù èkejì ní ikùn àti ẹ̀yìn, kò ṣeé dì mú bí kò ṣe ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Nínú òkùnkùn, èkejì ló máa sọ fún ọwọ́ ibi tí ẹnu kọjú sí. Èyí tó rí rodo á yí mọ́ni lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ẹni ló sì máa bá.

Ẹnu àdá ni SQL, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún dátábéèsì. Èèkù ni ohun gbogbo tó kù: ibi tí èèyàn ń tẹ àṣẹ sí, bọ́tìnì, àwọ̀, ọ̀rọ̀ tó jáde nígbà tí nǹkan kọ̀. 

Ẹ mú psql, irinṣẹ́ PostgreSQL (ètò dátábéèsì kan) tí a ń tẹ àṣẹ sí. Àmì kékeré tó wà níwájú ibi ìtẹ̀wé ń sọ̀rọ̀: => túmọ̀ sí aṣàmúlò lásán, =# túmọ̀ sí ọ̀gá tó lè ṣe ohunkóhun. Bí ó bá di -#, àṣẹ kò tíì parí, ẹ ti gbàgbé àmì ; ní ìparí. Bí ó bá di '#, ẹ ṣí àmì àyọlò kan ẹ kò pa á dé. Ẹni tí kò mọ èyí á rò pé ẹ̀rọ ti dákú, á tún àṣẹ náà tẹ̀ sórí ti tẹ́lẹ̀. Bí ìràwọ̀ * bá wà níbẹ̀, ìdúnàádúrà kan (àkójọ àṣẹ tó gbọ́dọ̀ parí pọ̀) ṣì wà ní ṣíṣí. Bí ó bá jẹ́ àmì ! ló wà níbẹ̀, ó ti kùnà, kò sì sóhun tí ẹ máa tẹ̀ tó máa gbà títí ẹ ó fi ṣe ROLLBACK, àṣẹ tó ń fagi lé e. Èèkù tó ní ikùn àti ẹ̀yìn nìyẹn. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kan náà yìí kì í fi orúkọ sáfà hàn àyàfi tí ẹ bá sọ fún un. Ẹ fi ìlà yìí sínú fáìlì .psqlrc, èyí tí psql máa ń kà nígbà tó bá ń ṣí:

\set PROMPT1 '%n@%M/%/%R%x%# '

%M ló ń fi orúkọ sáfà hàn. Ẹ ṣọ́ra, torí bí ẹ bá wà lórí sáfà fúnra rẹ̀ tí ẹ gba ojú ọ̀nà abẹ́lé wọlé láìgba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, [local] ló máa kọ, yálà sáfà ìdánwò ni o tàbí èyí tí àwọn oníbàárà ń lò. Níbẹ̀, ẹ fi %`hostname` rọ́pò %M.

Àléébù mìíràn tó ń jẹni lórí psql: òfìfo ló fi ń hàn níbi tí NULL, àmì pé kò sí dátà, wà. Òpó tí kò ní nǹkan kan nínú àti òpó tó ní ọ̀rọ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ òdo á wá jọra bí ìbejì. \pset null '(null)' ló ń tún un ṣe.

Ní ti MySQL, ètò dátábéèsì mìíràn, ẹ fi --safe-updates ṣí i. Láti ìgbà náà, UPDATE (àṣẹ tó ń yí dátà padà) tàbí DELETE (èyí tó ń pa á rẹ́) tí kò ní òpó kọ́kọ́rọ́ nínú WHERE, ibi tí a ti ń sọ ìlà tó kàn, tí kò sì ní LIMIT, òté lórí iye ìlà, kò ní ṣiṣẹ́. Àṣìṣe 1175 ló máa dá padà. Ohun tó mú nǹkan le sí i ni yìí, òun náà ló sì bọ́wọ́ mu jù nínú irinṣẹ́ náà. Orúkọ kejì tí wọ́n sọ ọ́, --i-am-a-dummy, bí mi nínú. Ẹni tó ń dáàbò bo dátà ẹlòmíràn kì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọ̀jọ̀gbọ́n tijú láti lo ohun tó yẹ kó lò.

Ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà jẹ́ ara èèkù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ORA-00942 ti Oracle, ètò dátábéèsì mìíràn, ń sọ pé tábìlì tàbí view (ìbéèrè tí a fi pamọ́ bíi tábìlì) kò sí, kò sì sọ èwo. Nínú ìbéèrè tó kan tábìlì mẹ́sàn-án, ẹ ó máa yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. PostgreSQL láti 9.5 máa ń dábàá orúkọ òpó tó sún mọ́ èyí tí ẹ ṣì kọ. Irú àṣìṣe kan náà ni, èkíní gba ogún ìṣẹ́jú, èkejì kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ohun tí ó ń náni bí irinṣẹ́ kò bá sọ ibi tí èèyàn wà, GitLab, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, sọ ọ́ ní gbangba. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ wọn kan fẹ́ pa fódà dátà rẹ́ lórí db2, sáfà àdàkọ, kí àdàkọ lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Orí db1 ló wà, sáfà gidi. Ó rí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, ó dá a dúró, ṣùgbọ́n nínú nǹkan bíi 300 GB, nǹkan bíi 4.5 GB ló ṣẹ́ kù. Wọ́n yíjú sí ẹ̀dà ìpamọ́: pg_dump 9.2, irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ PostgreSQL, ni wọ́n ti ń lò fún PostgreSQL 9.6, ó ti ń kùnà, ímeèlì tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn kò sì wọlé. Dátà wákàtí mẹ́fà ló lọ. Ọ̀kan nínú àtúnṣe tí wọ́n kọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni pé kí orúkọ sáfà hàn kedere níbi ìtẹ̀wé lórí gbogbo ẹ̀rọ wọn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ya db1 sọ́tọ̀ sí db2; ojú tó ti rẹ̀ lóru kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ló yẹ kó gbé e. DBeaver àti pgAdmin, irinṣẹ́ alábòójútó dátábéèsì, ń jẹ́ kí a fi àwọ̀ sára sáfà kọ̀ọ̀kan. Pupa fún ti oníbàárà, kí ẹ má sì fi pupa sí òmíràn láé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irinṣẹ́ kan bọ́wọ́ mu, ẹ má wo àwòrán rẹ̀. Ẹ wá èèyàn 5 tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà tí wọn kò bá yín kọ́ irinṣẹ́ ọ̀hún, kí ẹ gbé iṣẹ́ mẹ́ta fún wọn lórí sáfà ìdánwò. Kí wọ́n fún aṣàmúlò kan láṣẹ láti kà láìlè kọ. Kí wọ́n wá ìsopọ̀ tó dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó kù, kí wọ́n dá ìbéèrè rẹ̀ dúró láìjá ìsopọ̀ náà. Àṣẹ pg_cancel_backend ni ìyẹn, kì í ṣe pg_terminate_backend tó ń já ìsopọ̀, ibi tí irinṣẹ́ bá sì ti fi bọ́tìnì méjèèjì sún mọ́ra lẹ ó ti rí i tí ọwọ́ ń ṣì tẹ̀. Kí wọ́n dá ẹ̀dà ìpamọ́ àná padà sórí ẹ̀rọ tuntun. Ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú sílẹ̀ àti iye àṣìṣe, kí àṣìṣe tí ẹni tó ṣe é kò mọ̀ pé òun ṣe sì ní ìlà tirẹ̀, torí òun lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe.