Wọ́n ní Òṣítẹ̀lú kò fẹ́ ìlànà ìjọ

Bí oṣù kẹjọ bá ti dé, tí aláṣọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Ògèrè Rẹ́mọ fún Tabieorar, àjọ àdúrà ọdọọdún ti Ìjọ Olúwa (Aládúrà) tí Josiah Òṣítẹ̀lú dá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo tún máa ń gbọ́. "Ẹ wo Bàbá Òṣítẹ̀lú. Kò sin ìjọ òyìnbó, kò ní kọmití, Ẹ̀mí nìkan ló ń darí rẹ̀." Mo ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣágámù. Mo gbọ́ ọ níbi ìsìnkú. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí kò bọ́ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì Aládúrà rí. Ó ń dùn mí, nítorí ọkùnrin tí wọ́n ń ròyìn yẹn kọ́ ni ọkùnrin tó gbé Ògèrè.

Orí gbólóhùn kan ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, pé ó kọ C.M.S., ìjọ Áńgílíkà ti àwọn òyìnbó ajíhìnrere, sílẹ̀. Kò kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Wọ́n lé e ni. Tíṣà àti katikíìsì ni Josiah Òṣítẹ̀lú lábẹ́ wọn. Ní 1925 ìran bẹ̀rẹ̀ sí í dé bá a, kò sì dáwọ́ dúró. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fara mọ́ ìran náà àti ìṣe tó tẹ̀lé e, wọ́n sì yọ ọ́ níṣẹ́ ní 1926. Bí mo bá sọ báyìí, wọ́n á ní kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀, ṣebí ó ṣáà ti jáde. Ìyàtọ̀ pọ̀. Ẹni tó fi ìbínú kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé lè fẹ́ kọ́ ilé tí kò jọ ti tẹ́lẹ̀ rárá. Ẹni tí wọ́n tì jáde, irú ilé tí ó mọ̀ náà ni yóò kọ́, yóò wá fi yàrá tí wọ́n fi dù ú kún un. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ní Ògèrè nìyẹn.

Ní 1930 ló dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀. Ìjọ tó ní oyè ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀, Prímétì sì ni wọ́n ń pe olórí rẹ̀, orúkọ oyè kan náà tí àwọn Áńgílíkà ń pe tiwọn. Tabieorar tó bẹ̀rẹ̀ ní 1937 ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀: ọjọ́ 13 àwẹ̀ àti àdúrà, tí yóò parí sí ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ. Ọkùnrin yìí ń kọ ìran rẹ̀ sínú ìwé, ojú ewé lórí ojú ewé títí ó fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ta ló kórìíra ètò tí í kọ̀wé tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ó kú ní 1966, Adéjọbí ló gorí àga, ẹni tó ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Glasgow, lábẹ́ rẹ̀ sì ni ìjọ náà wọ Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Lágbàáyé ní 1975.

Ìjẹ̀bú-Òde náà ti rí irú rẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú ní 1918 ni ẹgbẹ́ àdúrà tí Ṣádárè, ọmọ ìjọ Áńgílíkà níbẹ̀, ń darí gbèrú, ní 1922 wọ́n kúrò lọ́dọ̀ àwọn Áńgílíkà nítorí pé wọn kò fara mọ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti lílo oògùn. Wọn kò dá dúró pẹ́. Wọ́n so mọ́ Faith Tabernacle, ìjọ kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ìwé àti lẹ́tà ni wọ́n fi ń bá ara wọn lò láti òkè òkun. Àwọn ará ìjọ yìí náà ló sì pe Òṣítẹ̀lú ní 1931, tí wọ́n bi í nípa orúkọ mímọ́ tí kò sí nínú Bíbélì, nípa àjẹ́ tó ń tọ́ka sí, àti nípa ìkóbìnrinjọ. Àwọn tí ìjọ kan kò gbà láyè lánàá, àwọn náà ló di adájọ́ yìí.

Èmi kò sọ pé kò sí ọ̀tẹ̀ nínú rẹ̀ o. Kò fi àwọn orúkọ mímọ́ náà sílẹ̀ nítorí wọn. Ó fẹ́ ìyàwó méje. Ìjọ rẹ̀ fi òróró yan obìnrin sípò ìránṣẹ́ Ọlọ́run, síbẹ̀ obìnrin náà kì í wọlé ìsìn bó bá ń ṣe nǹkan oṣù. Ìdajì ìlẹ̀kùn ṣí, ìdajì tì. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń pè é ní ọlọ̀tẹ̀ ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, bí wọ́n bá lè jẹ́ kó mọ síbẹ̀.

Wọn kì í jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn kan fi ń dá ìjọ sílẹ̀ ní pálọ̀ ilé wọn, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè bí wọ́n ṣe ná owó ìdámẹ́wàá, nítorí "Ẹ̀mí kì í ṣe ìṣirò". Mo mọ opó kan tí ó kó owó ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ fún irú wòlíì bẹ́ẹ̀, kò gba ìwé kankan. Bí wọ́n bá tún fi Òṣítẹ̀lú ṣe ẹ̀rí níwájú yín, ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé tiwọn náà wá, kí ẹ tó ka owó sílẹ̀.