Bí Ewéko Inú Ìgbẹ́ Ṣe Ń Di Ọbẹ̀ Lọ́wọ́ Òǹkọ̀wé

Àwọn àgbà ní odú kì í ṣe àìmọ̀ fólóko, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kàwé kì í sábà jẹ́ olóko. Ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn, ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló ń bá oníbàárà mọ odú: òun ló ya èyí tó ṣeé jẹ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kàn jọ ọ́, ojú rẹ̀ sì ni oníbàárà gbára lé. Ẹni tó ń kọ̀wé nípa oúnjẹ inú ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ nìkan ṣe iṣẹ́ ojú yẹn, fún ẹni tí kò ní fojú kàn láéláé. Iṣẹ́ Euell Gibbons, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Texas ní ọdún 1911, fi bí èyí ṣe ń ṣeé ṣe hàn, ó sì fi ibi tí okùn rẹ̀ ti máa ń já hàn pẹ̀lú.

Ebi ló kọ́ ọ. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ ní New Mexico, bàbá rẹ̀ wá iṣẹ́ lọ, ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ọmọ náà sì ń wọ ìgbẹ́ lọ ṣa ohun tí ilé yóò jẹ. Ìtàn àròsọ ló kọ́kọ́ kọ nípa irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yọ ìtàn kúrò, kí ó fi oúnjẹ sílẹ̀. Bí ìwé rẹ̀, Stalking the Wild Asparagus, ṣe jáde nìyẹn ní ọdún 1962.

Ọgbọ́n ìwé náà wà nínú ìkòkò. Ewéko kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní poke. Gbòǹgbò rẹ̀ ní oró, èso rẹ̀ náà ní oró, ṣùgbọ́n ọ̀mùnú rẹ̀ di ẹ̀fọ́ bí a bá bọ̀ ọ́, tí a da omi rẹ̀ nù, tí a sì tún fi omi mìíràn bọ̀ ọ́. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tó ti fọ ewúro rí, tàbí ẹni tó mọ̀ pé rírin, fífún àti yíyan gàrí ló ń lé oró kúrò nínú gbágùúdá. Èsúrú pàápàá, èyí tí a gbìn ni a ń jẹ. Èyí tó hù fúnra rẹ̀ nínú igbó lè ní oró. Nítorí náà, kò tó kí òǹkọ̀wé sọ pé ewé kan ṣeé jẹ. Ó gbọ́dọ̀ sọ ewéko wo ni, ibo lára rẹ̀, ìgbà wo ni a ó já a, àti ohun tí a ó ṣe sí i kí ó tó kan ẹnu. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, májèlé ni ó kọ sílẹ̀.

Òkìkí kì í gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dání. Nínú ìpolówó oúnjẹ àárọ̀ Grape-Nuts lórí tẹlifíṣọ̀n, Gibbons bi àwọn òǹwòran bóyá wọ́n ti jẹ igi páìnì rí, ó ní ọ̀pọ̀ ibi lára rẹ̀ ló ṣeé jẹ. Bí a bá ń sẹ́ ògì, ògì a máa kọjá, èèrí a sì kù lórí asẹ́. Asẹ́ tẹlifíṣọ̀n ṣe é lódìkejì: èèrí ló kọjá wọ ilé gbogbo, wọ́n ro ó lẹ́kọ, wọ́n mu ún, ògì tí ọkùnrin náà fi ọ̀pọ̀ ọdún lọ̀ sì kù lórí asẹ́.

Nígbà tó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1975, àhesọ gbòde pé ewéko olóró ló pa á, àwọn kan ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Irọ́ ni. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde ló bẹ́. Àhesọ náà burú, nítorí pé ìṣọ́ra gan-an, tí í ṣe gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀, ni ó gbà lọ́wọ́ òkú.

Ní Jẹ́ríkò, ní Ìbàdàn yìí kan náà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó ń tọ́jú àwọn ewéko gbígbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pépà, pẹ̀lú orúkọ wọn, ibi tí wọ́n ti já wọn àti ọjọ́ tí wọ́n já wọn. Iye ìgbà tí a ó fọ ewé náà kí ó tó di ọbẹ̀ kì í sí lára ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀; ẹnu ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Bódìjà ni ìyẹn ṣì wà.