Ṣé òfin ló ní kí ìpínlẹ̀ má fọwọ́ kan rélùwéè?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí a bá ti dárúkọ ọkọ̀ ojú irin Èkó pẹ́nrẹ́n, ẹnì kan á ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ àtúnṣe òfin tí Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, èyí tó gba ìpínlẹ̀ láyè láti ṣòfin lórí rélùwéè. Wọ́n ní kó tó dìgbà náà, kò sí gómìnà tó gbọ́dọ̀ ri irin mọ́lẹ̀.

Buhari yìí kan náà ló wá ṣí Blue Line, ọkọ̀ ojú irin Èkó láti Marina dé Mile 2, ní ọjọ́ 24 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Níbi tí mo ti kàwé, oṣù kìn-ín-ní ló ń ṣáájú oṣù kẹta. Ayé Fashola sì ni iṣẹ́ ọ̀hún ti wà nílẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, àmọ́ wọn á fa ìwé òfin 1999 yọ: rélùwéè wà nínú Exclusive List, nọ́ńbà 55! Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀ kí àtúnṣe 2023 tó dé. Abala 4, tó sọ ohun tí wọ́n tò ó fún, ni wọn kì í kà. Àṣẹ àtiṣòfin ni wọ́n ń pín níbẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ nìkan ló lè ṣòfin lórí ohun tó bá wà nínú rẹ̀. Àwọn aṣòfin Àlàúsá ò gbọ́dọ̀ dá a ṣe. Kò sọ ẹni tó lè da kọnkéré, kò sọ ẹni tó lè ra ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni tó lè já tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá mọ̀wé dáadáa á fi abala 5 dá mi lóhùn: agbára gómìnà ò kọjá ohun tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ lè ṣòfin lé lórí. Èyí le díẹ̀, mi ò ní purọ́. Red Line, láti Àgbádo sí Òyìngbò, ojú ọ̀nà irin ìjọba àpapọ̀ ló gbà kọjá. Èkó ò lè ṣe é láì bá Àbújá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé kọ́ ni ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́.

Wọ́n tún ní òfin yìí ló pa Metroline, ọkọ̀ ojú irin tí gómìnà Jákàńdè fẹ́ ṣe fún Èkó. Òfin wo? Ológun gbàjọba lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983. Nígbà tí wọ́n fagi lé Metroline ní 1985, kò sí aṣòfin tí aráàlú dìbò yàn tó jókòó níbikíbi ní Nàìjíríà.

Ṣé àtúnṣe 2023 ò wá wúlò ni? Mo rò pé ó wúlò. Kì í ṣe ohun kékeré láti rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì l'Ábùjá, kéèyàn tún rí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán. Ìpínlẹ̀ lè ṣòfin tirẹ̀ báyìí, ìyẹn sì lè fi ọkàn ẹni tó fẹ́ yá wọn lówó balẹ̀. Àmọ́ bí òfin ìpínlẹ̀ bá kọlu ti àpapọ̀, ti àpapọ̀ náà ni yóò borí. Kìlómítà 13 tí Blue Line ní sì gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ, owó ló pọ̀ jù nínú ìdí ẹ̀, bí mo ṣe rí i sí.

Ìdìbò ń bọ̀ o. Bí olùdíje bá ní òun máa fi ọkọ̀ ojú irin so Ìbàdàn mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ torí pé òfin ti gbà wá láyè, ẹ bi í níbi tí owó yóò ti jáde. Bí gómìnà àná bá sì ní òfin ni ò jẹ́ kí òun ṣe é, ẹ bi í bí Èkó ṣe ṣe tiẹ̀.